Òyìnbó Wo Lo Gbọ́?

Ní Èkó níbí, bí a bá fẹ́ yin ọmọ kan, a óò ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́ òyìnbó o!" N kò tíì rí ẹni tí í bèèrè pé òyìnbó wo. Òyìnbó kan ṣoṣo ló wà létí wa, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi náà kò bèèrè rí, àfi ìgbà tí àbúrò ìyá mi bi mí ní ìbéèrè náà lójú gbogbo ènìyàn, ní ọsibítù kan ní Kútọnu, ní ọdún 2011. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ìwé ìtàn wò bóyá n óò rí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Aláǹkárá ni gbogbo Ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà mọ àbúrò ìyá mi yìí sí. Láti ọmọdé ló ti ń tẹ̀ lé ìyá wọn lọ ra aṣọ ní Kútọnu, kò sì ka ìwé kọjá púráímárì kẹta. (Bí aṣọ náà ti ń kọjá ní bọ́dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní, ẹ má bi mí.) Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní zémidjan lọ́hùn-ún, gbá a lẹ́bàá ọjà Dantokpa, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Alẹ́ ni ìròyìn dé bá wa ní Múṣín. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ní ta ni yóò lọ? Ohùn wọn ṣọ̀kan: "Akọ̀wé ni kó lọ. Òun ló gbọ́ òyìnbó."

Mo gbéra ní ìdájí. Nídìí ìwé ìròyìn ni mo ti ń jẹun, mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí pépà tí wọn yóò gbé lé mi lọ́wọ́ tí n kò ní lè kà.

Kò pẹ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá náà ni nọ́ọ̀sì kan gbé pépà wá, ó sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo wo òkè pépà náà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà ni ORDONNANCE. Àyà mi já. Nínú òyìnbó tèmi, òfin ìjọba ni wọ́n ń pè ní ordinance. Mo ní ha, ọ̀ràn yìí ti di ti ọlọ́pàá nìyẹn. Àbí kóòtù ni wọ́n fẹ́ gbé obìnrin tí wọ́n kàn fi ọ̀kadà gbá lọ? N kò fẹ́ kó mọ̀, nítorí ó ń kérora. Mo rọra jáde, mo fi pépà náà han ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì. Ó wò ó, ó fi èdè Ègùn sọ̀rọ̀, ó sì nàka sí òdìkejì títì. Ohun tí mo rò ni pé ó ń lé mi jáde. Mo bá bọ́ sínú oòrùn, mo ń pe Èkó lórí fóònù pé kí wọ́n bá wa wá lọ́yà. Mo rìn wá, mo rìn lọ, mò ń wá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe wàhálà yìí, ilé ìtajà oògùn tí ẹ̀ṣọ́ nàka sí wà lẹ́yìn mi gan-an, àgbélébùú rẹ̀ aláwọ̀ ewé ń tàn yanran.

Ó lé ní wákàtí méjì kí n tó padà wọlé. Ìyá Aláǹkárá ní, "Oògùn dà?" Mo ní, "Oògùn wo, mà?" Mo wá na pépà náà sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì gbọ́ wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó." Yorùbá rẹ̀ ní adùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá gidi ni. Ọmọ Sàkẹ́tẹ́ ni. Ó kà á, ó ní, "Oògùn tí dókítà ní kí ẹ lọ rà ló wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìrora ló ṣáájú."

Ìyá Aláǹkárá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, òyìnbó wo gan-an ni wọ́n kọ́ ẹ ní sùkúù?"

Gbogbo àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín nínú ìrora. Èmi kò lè rín. Wákàtí méjì ni obìnrin náà fi sùn sílẹ̀ pẹ̀lú itan tó ṣẹ́ láìgba abẹ́rẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹni tó gbọ́ òyìnbó kò gbọ́.

Bí mo ti ń padà bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Sàkẹ́tẹ́ yẹn ni mò ń rò. Mo bá a ṣe ọ̀rẹ́ kí n tó kúrò níbẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò gbọ́ Faransé, òun náà sì jáde ilé-ìwé gíga bí èmi ti jáde. Bí kì í bá ṣe Yorùbá, a ò bá máa fi ọwọ́ júwe fún ara wa bí odi. Báwo ni ọmọ ìyá kan náà ṣe wá di elédè òyìnbó méjì?

Ìdáhùn ìyẹn kò fara sin. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní Párísì, wọ́n sì fa ìlà láti etí òkun lọ sókè, láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Kétu, ìlú Alákétu, tí àwọn ará Dàhọ̀mì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ní 1886, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu tẹ́lẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sàkẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ wà lọ́hùn-ún, Ìlaró wà níhìn-ín. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn ọmọ tí ọ̀nà oko wọn pàdé wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ABD ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bàbá kan yóò máa san owó orí ní franc, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò máa san tirẹ̀ ní ṣílè.

Ṣùgbọ́n kí á tó fa ìlà yìí, àwọn ènìyàn wa kì í ṣe ẹlẹ́nu kan. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì gba òpópó Herbert Macaulay kọjá ní Yábà, kó rántí pé bàbá tó bí ìyá Macaulay ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wàyí, Àjàyí ọmọ Òṣoogùn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, kò ju ọmọ bí ọdún méjìlá lọ. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ Potogí ní etí òkun wa. Nínú oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ẹ wò ó: Potogí ló rà á, Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á, ilẹ̀ àwọn Temne ni wọ́n gbé e sí. Èyí tó gbọ́ nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òdo ni.

Ó tó bí oṣù mẹ́fà tó débẹ̀, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó di Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, ó kọ́ Látìnì àti Gíríìkì, ó sì tún jókòó kọ́ èdè Temne, èdè àwọn tó ni ilẹ̀ tó wà. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Látìnì àti Gíríìkì lè gbé ènìyàn ga lójú òyìnbó. Temne kò gbé ẹnikẹ́ni ga nígbà náà, ó kọ́ ọ síbẹ̀síbẹ̀.

Freetown ọjọ́ náà gan-an kò ní ẹgbẹ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti kó ènìyàn wá síbẹ̀. Àwọn ènìyàn tiwa ni wọ́n ń pè ní Aku, nítorí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ kú yìí, ẹ kú tọ̀hún. Ọmọ Jámánì kan, Koelle, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí ìlú yìí, ó ń pe àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé kí ni ẹ ń pe orí, kí ni ẹ ń pe omi, kí ni ẹ ń pe iná. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1854, èdè Áfíríkà tó wà nínú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Inú ìlú kan ṣoṣo ló ti kó wọn jọ!

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ wọ odò Ọya ní 1841, Crowther bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé Abọ́, wọ́n fẹ́ bá Obi Ossai tó jẹ́ ọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ta ló ń bá wọn túmọ̀? Simon Jonas ni, ọmọ Ìgbò tí òun náà ti Freetown wá. Àwọn ìwé ìtàn a máa sọ nípa àwọn ọ̀gá ọkọ̀ wọ̀nyẹn lójú ewé rẹpẹtẹ, ti Simon Jonas kì í ju ìlà díẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá àwọn ọ̀gá yẹn kò ní máa nàka kiri bí èmi lẹ́nu géètì Kútọnu.

Ní 1843 ni Crowther gba oyè àlùfáà ní London, ọdún náà sì ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni, ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì wá ń ta kọ́lọ́kọ́lọ́ nínú èdè ìyá rẹ̀! Síbẹ̀ kò fi ṣe ìtìjú. Ní 1857 ó gbé ìwé ABD jáde fún èdè Ìgbò. Ní 1864 ó gbé ìwé gírámà jáde fún èdè Núpé, ọdún náà ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọdún náà sì ni ọmọ ọmọ rẹ̀ Herbert Macaulay dé ayé. Ní 1884, odindi Bíbélì Yorùbá tó ti ń túmọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́ jáde, kó tó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891.

Èkó tó kú sí náà kì í ṣe ìlú ẹlédè kan. Ẹni tó bá rìn láti Pópó Àgùdà lọ sí Marina láyé náà yóò gbọ́ Yorùbá, Ègùn, Potogí lẹ́nu àwọn tó ti Bùràsíìlì dé, Hausa lẹ́nu àwọn sójà, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn Sàró, àti Faransé lẹ́nu àwọn Fàdá tó ti dé láti 1868. Lónìí, orúkọ bíi da Rocha àti Pereira ló kù nínú Potogí wa, àti frejon tí a ń jẹ ní Gúdúfúráìdè.

Kí ló gbá àwọn yòókù lọ? Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé mi ṣubú: Ordinance! Ní 1882, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan, Education Ordinance, tó so owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé-ìwé mọ́ kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bínú, nítorí Yorùbá kò sí nínú ohun tí wọ́n yóò sanwó fún. Ilé-ìwé kò lè wà láìlówó. Ọ́fíìsì sì ń gba akọ̀wé. Díẹ̀díẹ̀ ni òyìnbó di orúkọ èdè kan ṣoṣo.

A ti gbìyànjú láti tún un ṣe, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Èkó níbí ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1975, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí sì ni èdè iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1991 wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, Àgbádárìgì, kí àwọn ọmọ yunifásítì lè lọ gbé nínú èdè náà láìrìnrìn-àjò lọ sókè òkun, nítorí owó tí a fi ń rán wọn lọ sílẹ̀ òkèèrè ti wọ́n. Àwọn tó ti ibẹ̀ jáde ń sọ ọ́ dáadáa, mo ti bá wọn ṣiṣẹ́. Ìyẹn dára. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo ń bá jà.

Nínú oṣù kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Wọ́n ti dá Nàìjíríà dúró nínú Commonwealth ní 1995, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ó fẹ́ fi ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ àtijọ́ gbá ilẹ̀ kó wá ọ̀rẹ́ tuntun ni. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí nígbà náà, ní Múṣín. Wọ́n kéde rẹ̀ fún wa lórí ìlà láàárọ̀, a pàtẹ́wọ́. A ti ní tíṣà Faransé kan rí, táàmù kan péré ló lò, ó kọ́ wa ní bonjour àti bí a ti ń ka ení, èjì dé ogún, owó oṣù kò dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìkéde náà, a retí tíṣà tuntun títí a fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1998 tún sọ ọ́ di dandan lórí ìwé. Ẹ bi àwọn ọmọ yín kí ẹ gbọ́ iye tíṣà tí dandan náà gbé wá. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá wa pààlà lórí ilẹ̀: Bẹ̀nẹ̀, Nìjẹ̀r, Ṣáàdì, Kamẹrúùnù. Faransé ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kọ ní ọ́fíìsì, Kamẹrúùnù sì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ilé àwọn olóyìnbó fúnra wọn, ẹ̀rín á pa yín. Nígbà tí ìlú mẹ́fà ní Yúróòpù so owó òwò wọn pọ̀, èdè mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Lónìí tí wọ́n di ìlú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, èdè mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń kọ òfin wọn sí. Ní 2002, àwọn olórí wọn pàdé ní Barcelona, wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ èdè méjì kún ti ìyá rẹ̀ láti kékeré. Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n Luxembourg, ìlú tí kò tó nǹkan, ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Jámánì àti Faransé kún tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì a sì tẹ̀ lé e. Òyìnbó gan-an mọ̀ pé òun kò gbọ́ òyìnbó!

Ta ni kò kọ ibi ara sí i láàárín wọn? Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti 2004, ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́rìnlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi èdè àjèjì sílẹ̀ bó bá wù ú. Wọ́n rí i pé ibi gbogbo làwọn ènìyàn ti ń sọ tiwọn. Èyí ló dùn mí jù. Nínú gbogbo ilé òyìnbó tí à bá ti jogún, ilé ẹni tí kì í kọ́ èdè ẹlòmíràn ni a jogún, a sì jogún ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, láìní agbára rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá dé Kútọnu, wọn yóò wá ògbufọ̀ fún un. Èmi, wọ́n nàka sí títì fún mi.

Ní Yábà lónìí, ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré kọ́ Jámánì, nítorí nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Jámánì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè náà dé ipele B2. Àwọn mìíràn ń kọ́ Faransé nítorí Kánádà, tó ti ń ṣa àwọn tó gbọ́ ọ lọ́tọ̀ láti 2023. N kò bá ẹnikẹ́ni wí, ẹni ebi ń pa kò ṣẹ̀ bó bá wá oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń yà mí lẹ́nu pé ìgbà tí Faransé yí gba Kánádà la tó rí owó tíṣà, tí Sèmè kò sì ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ sí Múṣín, bí gósíló bá dáríjì wá.

Ìyá Aláǹkárá ti ń rìn, ọ̀pá ló fi ń ti ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, orí fóònù ló ti ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́hùn-ún, Faransé, Ègùn, Yorùbá, bí ó bá ti bá ẹnu. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS 2 ní Sùúrùlérè báyìí, wọ́n sì ní tíṣà Faransé kan tó ń wá lọ́jọ́ Tuesday. Pépà ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú Bíbélì ni mo fi sí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo mú un fún ọmọ náà pé kó kà á fún màmá rẹ̀ àgbà.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìyá náà dá a dúró. "Kì í ṣe báyẹn. Fi imú pè é." Ó pè é fún un. Ọmọ náà tún un pè, ó tún un pè, títí ìyá fi mi orí. Ni ọmọ náà bá ní, "Màmá Yábà, kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ìyá Aláǹkárá kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Pépà tí bàbá rẹ fẹ́ gba lọ́yà sí rèé."